Òdo Kì Í Ṣe Àlàfo

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa, ojú ewé ọgọ́rin,
òróró aago ti lẹ díẹ̀ mọ́ra wọn láàárín.
Bọ̀dá Láoyè ní kí n kà á sí òun létí,
torí ojú tí wọ́n fi ń tún aago ṣe l'Ágbẹni,
ojú tó ń rí abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ,
awọ ti bò ó báyìí bí ìkúùkù orí Ẹlẹ́yẹlé.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì l'Ókè-Àdó.
Mo kà: Dìsẹ́ńbà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn,
aago méjìlá sí mẹ́rin òru,
ìràwọ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló já.
Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́rìnlélógójì.
Ọdún mẹ́wàá sí i, mẹ́tàdínlógún.
Èṣí, mẹ́ta.

Mo pa ìwé dé. "Bọ̀dá, wọ́n ń tán lọ.
Bí owó inú kóló tó ń jò ni wọ́n rí."

Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi húkọ́.
"Ìbíwùmí, ta ló ní kí o ka òpó kan kí o dìde?
Wo ọwọ́ ọ̀tún. Kí ni mo kọ síbẹ̀?"

Nọ́ńbà wínníwínní ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn:
bí ìràwọ̀ tó wẹ́ jù tí wọ́n rí lálẹ́ náà ṣe wẹ́ tó.
Mẹ́fà. Márùn-ún. Mẹ́rin. Mẹ́ta àtààbọ̀.

"Mẹ́fà, òkùnkùn dúdú bí inú ìkòkò aró.
Mẹ́ta àtààbọ̀, Dùgbẹ̀ ti tanná,
ilé epo ti tanná, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ti gbé gílóòbù kọ́ òrùlé,
ọyẹ́ náà tún wá da eruku tirẹ̀ sí i.
Ẹni tó ń ka ẹja nínú omi rírú,
ṣé ẹja ló dín ni, àbí omi ló rú?
Kí o tó bú ọ̀run, kọ́kọ́ bi òpó ọ̀tún."

Mo tún ìwé ṣí.
Ọdún kan wà láàárín tí iye náà fò sókè,
méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi gègé pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
*Tiransífọ́mà jó.*
Gbogbo àdúgbò ń ṣépè fún NEPA lóru ọjọ́ náà,
ẹnì kan ń dúpẹ́ lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

*Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó tàn ju Àgùàlà lọ, ó nírù.*
*Ìkúùkù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.*
*Ẹ̀fọn.*
*Mo tòògbé, bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ yọ ọ́ kúrò.*
*Ìyá Ṣẹ̀yẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó pè mí lólè.*

Mo wá dé ọjọ́ kẹrìnlá.
Aago kan sí méjì: òdo.
Aago méjì sí mẹ́ta: ìlà gbọọrọ, kò sí nọ́ńbà.
Mo ní, "Ṣebí ọ̀kan náà ni? Kò sí, kò sí náà ni."

"Rárá o. Òdo, mo wò, n ò rí. Ẹ̀rí ni, mo lè búra lé e.
Ìlà yẹn, n ò wò.
Ẹni tí kò dé kóòtù kì í ròyìn ẹjọ́."

"Níbo lẹ wá wà, láti aago méjì sí mẹ́ta?"

Bọ̀dá dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ń kùn lápá Òkè-Bọ́là.
Wọ́n nawọ́, wọ́n fi ìka wá ojú ewé náà,
wọ́n rọra ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa àpá.
"Ìlà ni mo fà níbẹ̀? Kì í ṣe òdo?"
"Ìlà ni."
"Ó dáa. Bí o bá ń dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà,
jọ̀ọ́, má sọ ọ́ di òdo."

Lálẹ́ yìí, èmi ni mò ń wòkè, àwọn ni wọ́n di aago mú.
Ọyẹ́ wà. Iná wà. Méjì ló já títí di báyìí:
ọ̀kan lápá Ẹlẹ́yẹlé, ó funfun, ó yára;
ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, kò dá mi lójú.
"Ó já àbí kò já?"
Mo ní n ò mọ̀.
"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."